Ìràwọ̀ mẹ́rin fún kílọ́ọ̀ṣì tí ǹ bá má rà

Mo fún kílọ́ọ̀ṣì iná yìí, ìyẹn irin tó ń so abẹ agékoríko mọ́ ẹ́ńjìnì tó sì ń tú u, ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ojúlówó ọjà ni. Ó ti ṣe wákàtí 41 lórí ẹ̀rọ agékoríko mi, mítà ẹ̀rọ náà ló kà á bẹ́ẹ̀, kò sì tíì já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ "rà á" sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kà á tán, torí èmi gan-an tí mo rà á, mi ò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á.

Iṣẹ́ àtúnṣe maṣíìnì ìránṣọ ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ fi ìyẹn sí igun kan lọ́kàn yín. Òun ló máa jẹ́ kí ìtìjú mi yé yín tá a bá débẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ ni irú èyí tí èèyàn ń jókòó lé lórí, tó sì ń wà kiri bíi mọ́tò. Pápá bọ́ọ̀lù kan ni mo ń fi gé. Abẹ méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́líìtì kan ló ń yí àwọn méjèèjì. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ọ̀pá irin ni à ń fà kí abẹ tó yí. Tèmi ò ní ọ̀pá. Bọ́tìnnì yẹ́lò kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí, tí mo bá fà á sókè, iná bátìrì á wọ inú kílọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, màá gbọ́ "kọ́!", abẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Lórí "kọ́" yẹn ni gbogbo wàhálà mi dá lé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì tutù, màá fa bọ́tìnnì, kọ́!, iṣẹ́ ń lọ. Tó bá di bí ìṣẹ́jú 25, abẹ á ṣàdédé dákẹ́. Ẹ́ńjìnì ò kú o. Ohùn rẹ̀ á tiẹ̀ fúyẹ́ sí i, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Màá tẹ bọ́tìnnì sílẹ̀, màá tún fà á, kò sí "kọ́", kò sí nǹkan kan. Màá pa ẹ̀rọ, màá lọ jókòó sábẹ́ igi fún ààbọ̀ wákàtí, màá padà dé, á tún ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ìṣẹ́jú 10 péré, ó tún dákẹ́. Ìdajì pápá á wà ní gígé, ìdajì á dàbí orí ọmọ tó sá fún onígbàjámọ̀.

Mo pe àbúrò mi tó ní irú ẹ̀rọ kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fi mítà iná wọ̀n ọ́n?"

"Kí ni kí n wọ̀n lára ohun tó ti jóná? Kọ́ìlì inú rẹ̀, wáyà bàbà tí wọ́n ká yẹn, ló kú."

"Ẹ ṣáà kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná."

Mo ní mo ti gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra tuntun.

Ó dé nínú páálí líle, fóòmù yí i ká, ó wúwo ju ọmọ tuntun lọ lápá mi. Nígbà tí mo ń rà á, ohun márùn-ún ni mo fi wé ti àtijọ́: ihò àárín rẹ̀, tó jẹ́ íǹṣì 1 (mílímítà 25.4) bíi ti ọ̀pá ẹ́ńjìnì mi, fífẹ̀ pọ́lì tí bẹ́líìtì ń gbà, gíga rẹ̀, ẹnu wáyà rẹ̀, àti apá ibi tó ń yí sí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ẹni tó tà á kọ mẹ́rin àkọ́kọ́ sílẹ̀ dáadáa, kò kọ ìkarùn-ún, àfìgbà tí mo kọ̀wé béèrè. Èyí jẹ́ ìdajì ìràwọ̀ tí mo yọ.

Ìdajì kejì ni ti ìwé inú páálí. Tákàdá ẹyọ kan, àwòrán rẹ̀ ò ju èékánná lọ, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ iye àlàfo tó yẹ kó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn sì ni nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹni tó ra irú nǹkan báyìí ò gbọdọ̀ má mọ̀. Ó dà bí kí èèyàn ra aago tí kò ní ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àlàfo náà. Abọ́ irin kan wà nínú kílọ́ọ̀ṣì tí kì í yí, wáyà bàbà ni wọ́n ká sínú rẹ̀. Irin kejì dè mọ́ ọ̀pá ẹ́ńjìnì, ó ń bá ẹ́ńjìnì yí nígbà gbogbo. Irin kẹta, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, òun ló di pọ́lì bẹ́líìtì mú. Tí iná bá wọ wáyà bàbà, abọ́ náà á di òòfà, á fa àwo yẹn mọ́ra, ìyẹn ni "kọ́", gbogbo wọn á sì máa yí pọ̀. Tí iná bá kúrò, sípíríǹgì á ti àwo padà sára bíréèkì, abẹ á dúró. Ìwé ẹ̀rọ mi ní kó má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 5. Kí òòfà tó fà á, àwo ní láti wà nítòsí. Àyè tó wà láàárín àwo àti irin tó ń yí ni mò ń pè ní àlàfo. Lórí tèmi, mílímítà 0.38 ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn íǹṣì 0.015. Èékánná ọwọ́ yín nípọn jù ú lọ tàbí kó tó o.

Yíyọ ti àtijọ́ ló gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fa wáyà kúrò lórí pọ́lọ́ọ̀gì, mo tú orí odì bátìrì, torí mi ò fẹ́ kí abẹ ṣèèṣì yí nígbà tí ọwọ́ mi wà lábẹ́ ibẹ̀. Bóòtù kan ṣoṣo ló di kílọ́ọ̀ṣì mú, òun gan-an sì ni ọ̀tá. Bí mo ṣe ń yí i ni ọ̀pá ẹ́ńjìnì ń bá a yí. Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ ni pé mo tú pọ́lọ́ọ̀gì, mo ki okùn rírọ̀ sínú sílíńdà láti ihò rẹ̀, mo wá fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì títí písítìnnì fi fún okùn náà mọ́lẹ̀ tí kò lè lọ mọ́. Ìgbà yẹn ni bóòtù gbà. Ẹ fi ìdí okùn náà síta o, kí ẹ lè rí i fà yọ.

Bóòtù jáde, kílọ́ọ̀ṣì ò jáde. Ó ti dógùn-ún mọ́ ọ̀pá. Mo rọ òróró ìdógùn-ún sí i, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹnì kan tó ń kọjá ní kí n fi òòlù gbá a. Mi ò dá a lóhùn. Ẹ fi òòlù lu ọ̀pá ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ẹ ti fi owó ẹ́ńjìnì ṣeré. Irin gbọọrọ méjì ni mo fi gbé e láti ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, ó yọ.

Fífi tuntun sí i rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi sáǹpépà nu ọ̀pá títí tó fi ń dán, mo fi gíríìsì tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ra pa á, mo to kíì rẹ̀, irin kékeré tó ń jẹ́ kí ọ̀pá àti kílọ́ọ̀ṣì yí pọ̀, sínú ihò rẹ̀, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlé. Nǹkan kan wà níbí tó ti ba kílọ́ọ̀ṣì púpọ̀ jẹ́: apá irin tó ń dí i lọ́wọ́ kó má bàa bá ẹ́ńjìnì yí. Ihò ara abọ́ ní láti wọ ara irin yẹn, kó sì lè jì díẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, abọ́ á yí, wáyà rẹ̀ á sì fà já lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì fi bóòtù dè é pinpin, béárìn inú rẹ̀ ló máa jìyà. Bóòtù ńlá náà, mo fún un dé Nm 68, ìwọ̀n agbára ìfún bóòtù tí ìwé ẹ̀rọ mi sọ. Wáyà tuntun kúrú ju ti àtijọ́ lọ ní bí àtẹ́lẹwọ́ kan, ó dé, àmọ́ mo ní láti gbé e gba ibòmíràn kó má bàa kan bẹ́líìtì.

Mo wá yọ fílà gééjì, àwọn abẹ irin pẹlẹbẹ tí nínípọn wọn yàtọ̀ síra, tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Fèrèsé kékeré mẹ́ta ló wà lára kílọ́ọ̀ṣì, nọ́ọ̀tì kan wà nítòsí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki abẹ fílà gba ojú fèrèsé sáàárín àwo àti irin. Tó bá wọlé gbẹrẹfu, àlàfo ti pọ̀. Tó bá kọ̀, ó ti há. Tuntun tó ti ilé iṣẹ́ wá yìí, ojú kìíní jẹ́ 0.30, èkejì 0.46, ẹ̀kẹta 0.33. Wọn ò dọ́gba! Mo fi sípánà yí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin ìyípo, nígbà míì ìdá mẹ́jọ, títí gbogbo wọn fi di 0.38. Kì í ṣe gbogbo kílọ́ọ̀ṣì ló ní nọ́ọ̀tì wọ̀nyí ṣá o. Àwọn kan wà tí kò ṣeé yí rárá.

Kó tó gé koríko kankan, mo fà á, mo tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ́ńjìnì ní ìdajì ìyára, ìṣẹ́jú àáyá 10 fún títàn, 10 fún pípa. Irin tuntun méjì ò tíì mọ ara wọn, ó yẹ kí wọ́n ha ara wọn díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹrù. Ó rùn díẹ̀, èéfín tín-ń-tín jáde, ó sì tán.

Ó ṣiṣẹ́. Mo gé gbogbo pápá láìdúró, inú mi dùn dé gongo.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ti kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lórí tábìlì iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ń yún mi létí. Mo ní ó dáa, jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n, kí n lè fi han ọmọdé yìí pé ó ti jóná. Mo so imú mítà méjèèjì pọ̀ ná, ó kà 0.2, ìyẹn ti wáyà mítà fúnra rẹ̀. Mo wá fi sí ẹnu wáyà kílọ́ọ̀ṣì: 3.1. Ẹ yọ 0.2 kúrò, ó ku óòmù 2.9 (óòmù ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó). Irú kílọ́ọ̀ṣì yìí sábà máa ń wà láàárín óòmù 2 sí 4. Mo fi imú kan sí wáyà, èkejì sí ara irin, mítà ò ka nǹkan kan, ìyẹn ni pé wáyà inú ò kan ara. Kọ́ìlì tí mo ti sin, ó ń wò mí, ara rẹ̀ le koko.

Mo gbé bátìrì wá, mo so ó mọ́ ọn tààrà. Àwo gbọ̀n rìrì, kò wọlé, torí iná bátìrì nìkan ò tó èyí tó ń rí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré. Mo fi ìdí igi tì í wọlé díẹ̀, kọ́! Ó sì dì mọ́ ọn pinpin, mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò ṣí. Nígbà tí mo yọ wáyà bátìrì ló tó tú. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ fún mi: agbára mi wà, ọwọ́ mi ni ò tó o.

Mo ki fílà sí i: 0.66, 0.71, 0.61. Ìlọ́po méjì tó bọ́ sí i ni, díẹ̀ ló kù.

Fílà yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, inú àpótí irinṣẹ́ mi ló ti ń gbé láti ọdún gbọọrọ. Òun ni mo fi ń wọn àlàfo láàárín abẹ́rẹ́ àti ìkọ́ maṣíìnì ìránṣọ lójoojúmọ́ ayé. Tí aṣọ bá ń fo ojú abẹ́rẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún oníbàárà ni pé, "Má tíì ra nǹkan kan, jẹ́ kí n wo àlàfo rẹ̀." Èmi náà rèé.

Kí ló wá fà á tó fi jẹ́ pé ìgbà tó bá gbóná ló ń kọ̀? Bàbà ni ìdáhùn. Bí wáyà bàbà ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣòro fún iná láti gbà á kọjá. Mo fi kílọ́ọ̀ṣì sórí bátìrì fún ààbọ̀ wákàtí títí kò fi ṣeé fọwọ́ dì mú, mo tún wọ̀n ọ́n, óòmù 3.5. Lórí bátìrì fóòtì 12.6, ìyẹn fi hàn pé iná tó ń wọlé ti lọ sílẹ̀ láti áńpù 4.3 sí 3.6, agbára òòfà rẹ̀ á sì ku bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Tí àlàfo bá pé iye tó yẹ, ìdá méje yẹn tó o ní àtówó-àtèlé. Tí àlàfo bá ti di ìlọ́po méjì, kò lè fà á mọ́. Bí irin ṣe ń jẹ ni àlàfo ń fẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, ọjọ́ orí ni. Mo yí nọ́ọ̀tì mẹ́ta náà, mo so bátìrì. Kọ́! Gbígbóná náà ni o, kò tíì tutù.

Bí irú rẹ̀ bá ṣe yín, ojú ẹnu wáyà kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn fóòtì níbẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe já ẹnu wáyà náà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ìdí ni pé ẹnu wáyà tó ti dógùn-ún lè fi fóòtì 12 hàn yín nígbà tí kò gbé ẹrù kankan, kó wá ṣubú sí 8 ní kété tí kílọ́ọ̀ṣì bá ní kó ṣiṣẹ́. Ẹ ki imú mítà láti ẹ̀yìn, kí ohun gbogbo wà ní síso, ẹ́ńjìnì ní ìyára, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹlòmíì máa ka mítà láti ibi tí kò sún mọ́ abẹ. Tó bá kà láti 13.5 sí 14.5, iná dára, ẹ lọ wo àlàfo. Tó bá kéré sí 12 nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sáré, bátìrì ò rí iná gbà láti ara ẹ́ńjìnì ni, tàbí wáyà tó lọ sí ara irin ti jẹ. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun mẹ́wàá ò ní tún ìyẹn ṣe. Tí kò bá sí fóòtì rárá, ẹ wo fíúsì, ẹ wo bọ́tìnnì yẹ́lò fúnra rẹ̀, ẹ wo súìṣì abẹ́ àga àti ti bíréèkì.

Ti súìṣì abẹ́ àga yẹn, mo rántí aládùúgbò mi kan tí abẹ ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń kú ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá ti rí págunpàgun. Ó tín-ínrín bí igi ìgbálẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti fò, ìdí rẹ̀ á kúrò lórí àga, súìṣì á rò pé ó ti já bọ́. Ó fẹ́ fi wáyà so súìṣì náà pa. Mo ní kò ní jẹ́ nílé mi. Ohun tó ń pa abẹ nígbà tí èèyàn bá ṣubú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń so pa. Ó yí sípíríǹgì àga sí ìwọ̀n ẹni tó fúyẹ́, ó tán.

Ká padà sórí ọjà mi. Lẹ́yìn wákàtí 41, mo tún ki fílà sí i: 0.38, 0.41, 0.38. Bíréèkì rẹ̀ ń mú, mo ka àáyá mẹ́ta kí abẹ tó dúró pátápátá. Béárìn rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò hó, kò ha. Yàtọ̀ sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mi ò gbọ́ òórùn jíjó kankan, títí kan ìgbà tí koríko ga, tó sì tutù, tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń mí hẹlẹ. Tí kọ́ìlì tiyín bá ti kú lóòótọ́, tí mítà ò ka nǹkan kan lẹ́nu wáyà méjèèjì, tàbí tó kà nǹkan bí òdo tó sì ń jó fíúsì, ẹ rà á láìṣiyèméjì. Kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà ti wọ inú abọ́ ná, nígbà míì ibẹ̀ nìkan ló já, tí èèyàn lè fi ìjó òjé tún un ṣe.

Oṣù kejì lẹ́yìn náà ni àbúrò mi pè mí. Abẹ tirẹ̀ ò yí mọ́, bó gbóná bó tutù. Ó ti wọ̀n ọ́n, dájúdájú: iná dé ẹnu wáyà, mítà ò sì ka óòmù kankan. Tirẹ̀ ló wá jóná ní tòótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ rà yẹn, ṣé ó dáa?"

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n má rà á."

"Ṣé kò wá dáa ni?"

"Mo ní má rà á. Wá gbé ti àtijọ́ tó wà lórí tábìlì mi. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Lọ́jọ́ tó fi sí i tán, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ sí mi. Ohùn àáyá mẹ́rin péré ló gbà sílẹ̀: ẹ́ńjìnì ń dún ní ìdajì ìyára, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá di "kọ́!"